Etí Ọ̀gá, Ẹnu Òṣìṣẹ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìṣàkóso Ènìyàn Níbi Iṣẹ́

Ìṣàkóso ènìyàn níbi iṣẹ́ ni ọgbọ́n tí ẹni tí a fi ṣe olórí ń lò kí iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ nìkan kò ká lè di ṣíṣe, kí iṣẹ́ náà má sì bàjẹ́ mọ́ àwọn tí ń ṣe é lọ́wọ́. Ó yàtọ̀ sí ìṣàkóso owó àti ti ẹ̀rọ, nítorí pé owó kì í bínú, ẹ̀rọ kì í sì í di kùnrùngbùn. Ènìyàn nìkan ni ó lè jókòó sídìí iṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kí ó máa kí ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì ti kúrò nínú iṣẹ́ náà láti ìgbà pípẹ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe máníjà àti ọ̀gá àgbà nìkan: fóòmàn tí ń pín iṣẹ́ fún àwọn mẹkáníìkì, súpáfáísọ̀ tí ń ṣètò ṣíìfù, ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àti olórí ẹ̀ka tí ó ní akọ̀wé méjì péré, gbogbo wọn ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ẹlòmíràn bá ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ ti di olùṣàkóso, bí a bá fún un ní ọ́fíìsì tàbí a kò fún un.

Àyíká oríta Costain ní Èkó jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Orúkọ ilé-iṣẹ́ àgbàṣe ìkọ́lé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó di orúkọ oríta náà, iṣẹ́ ni ó sì yí i ká ní gbogbo ọ̀nà: ọgbà Réluwéè wà ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ṣe láti ayé ìjọba amúnisìn, ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries wà ní Ìgànmú, níbi tí ìgò bíà Star àkọ́kọ́ ti jáde ní 1949, gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní National Theatre títí di 2024, tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ de àjọ̀dún FESTAC ti 1977, wà nítòsí, ọ̀nà tí ó lọ sí èbúté Àpápá sì gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Ní òwúrọ̀, ìdajì àwọn tí ń bọ́ sílẹ̀ nínú dáńfó ní Costain ni ó ń lọ sábẹ́ àṣẹ ẹnìkan, ìdajì yòókù sì ń lọ pàṣẹ fún ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe méjèèjì pọ̀.

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dúró lé lórí ni pé nínú gbogbo ọgbọ́n tí a ń kọ́ àwọn máníjà, kò sí èyí tí ó wúlò tó gbígbọ́ ẹ̀dùn òṣìṣẹ́ ní kùtùkùtù àti fífún un ní èsì ní ọjọ́ tí a dá fún un. Ẹ̀dùn níhìn-ín ni ohunkóhun tí ó ń dun òṣìṣẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ owó, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a sọ sí i, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ tí a gbé fún un tí a kò fún un ní irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dùn bá sì ti di ọ̀rọ̀ tí a gbé síta, ó ti di ẹ̀hónú. Iṣẹ́ olùṣàkóso wà ní àárín àwọn méjèèjì, ìyẹn ní àkókò tí ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú tí kò sì tíì jáde. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ó máa ń ka àkókò yẹn sí àlàáfíà.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Costain, nítorí pé inú ọgbà Réluwéè Èbúté Mẹ́ta ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀, àwọn aláṣẹ Réluwéè gbé ìlànà owó wákàtí kalẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí ìlànà náà túmọ̀ sí ni pé kì í ṣe oṣù tàbí ọjọ́ ni a ó máa fi ka owó òṣìṣẹ́ mọ́, bí kò ṣe wákàtí tí ó fi wà nídìí iṣẹ́ gan-an. Ó dà bí ẹni pé ó tọ́ lójú ẹni tí ń ṣe ìṣirò nínú ọ́fíìsì, nítorí pé ó dín ìnáwó kù. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ń lọ irin nínú ṣọ́ọ̀bù, ó túmọ̀ sí pé kò mọ iye tí yóò gbé délé ní ìparí oṣù, kò lè ṣèlérí fún onílé, kò lè dá ọjọ́ fún olùkọ́ ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Òṣìṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ bínú sí owó kékeré tí ó mọ iye rẹ̀ bí ó ṣe ń bínú sí owó tí kò lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí ó bá ti ṣàkóso àwọn kájúàlì, ìyẹn àwọn tí a ń gbà sí iṣẹ́ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́, yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di òní.

Ẹ̀dùn yìí wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti 1938, Michael Imoudu, ọmọ ìlú Ọ̀rà tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, sì di olórí wọn. Nígbà tí ó di ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ Réluwéè fi ẹsẹ̀ rìn láti Èbúté Mẹ́ta, wọ́n gba orí afárá Carter kọjá sí Erékùṣù Èkó, títí wọ́n fi dé ilé Gómìnà Bernard Bourdillon, Gómìnà sì gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ó yẹ kí olùṣàkóso òde òní fi ara balẹ̀ wo ìrìn yìí dáadáa. Láti ìdí ẹ̀rọ tí ọkùnrin kan ti ń ṣiṣẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ Gómìnà, fóòmàn wà lọ́nà, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wà lọ́nà, ọ̀gá àgbà Réluwéè sì wà lọ́nà. Gbogbo wọn ni ó ní etí, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kò rí ẹni tí yóò fún wọn lésì títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ga jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó wákàtí bá di ohun tí Gómìnà ń yanjú, kò sí ẹni tí ó ń ṣàkóso ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Wọ́n padà wá nǹkan ṣe sí ọ̀ràn owó wákàtí náà lẹ́yìn ìrìn yẹn, ìjọba sì fi owó àjẹmọ́nú fún ọ̀wọ́ngógó ọjà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní COLA, kún owó àwọn òṣìṣẹ́ ní 1942. Ṣùgbọ́n ní 1943 wọ́n lé Imoudu kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi í sí àhámọ́, lẹ́yìn náà wọ́n rán an lọ sí Auchi kí ó má baà fojú kan Èkó. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣì ń ṣe nìyẹn: wọ́n máa ń rò pé bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá lọ, ọ̀rọ̀ náà ti bá a lọ. Ọ̀rọ̀ kò lọ. Ogun Àgbáyé Kejì ń bá a lọ, ọjà ń gbówó lórí, owó àjẹmọ́nú ti 1942 sì wà ní ojú kan. Ní oṣù kẹta ọdún 1945, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kọ̀wé béèrè fún àfikún ìdajì lórí COLA àti owó ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kéré sí ṣílè méjì àti sísì kan. Ìjọba kọ̀ fún wọn. Imoudu padà sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, èrò rẹpẹtẹ sì jáde lọ pàdé rẹ̀. Nígbà tí oṣù náà ń lọ sí òpin, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 30,000 ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin dúró, iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ dáwọ́ dúró, ó sì lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ tí Tudor Davies ṣe alága rẹ̀ ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì dámọ̀ràn ní 1946 pé kí wọ́n fi ìdajì kún owó àjẹmọ́nú náà, ìyẹn ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ti béèrè nínú lẹ́tà wọn. A kò lè ṣe ìṣirò ohun tí gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ná ìlú, ṣùgbọ́n lẹ́tà oṣù kẹta kò ná ẹnikẹ́ni ju òòtẹ̀ ìwé lọ.

A lè sọ pé ìjọba amúnisìn ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀yà àti agbára wà nínú ọ̀ràn náà, òtítọ́ sì ni. Síbẹ̀ kò yẹ kí máníjà ọmọ Yorùbá ní Sùúrùlérè tàbí Mùṣín fi èyí gba ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà dí nígbà náà náà ni ó ń gbà dí lónìí, ibi tí ó sì ti máa ń dí jù ni àárín. Olùṣàkóso àárín ni ẹni tí ó ní ọ̀gá lókè tí ó sì ní ọmọ-iṣẹ́ nísàlẹ̀, bíi fóòmàn àti súpáfáísọ̀. Wọ́n a máa rán an sí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ líle: ẹ sọ fún wọn pé kò sí owó ọkọ̀ mọ́, ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ Sátidé ti di ọjọ́ iṣẹ́. Àwọn àgbà ti fi ọ̀nà hàn án: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kì í ṣe pé kí ó yí ọ̀rọ̀ padà tàbí kí ó fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí a rán an yóò dé pé pérépéré, ṣùgbọ́n yóò fi ìdí rẹ̀ kún un, yóò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, yóò sì gbé èyí náà padà lọ sókè pérépéré. Apá kejì yìí ni àwọn fóòmàn kì í fẹ́ ṣe, nítorí pé ọ̀gá tí ó wà lókè a máa ka ẹni tí ó gbé ẹ̀dùn wá sí ẹni tí kò kápá àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí ọ̀gá àgbà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣí ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀, kí ó wo ìgbà tí súpáfáísọ̀ kan gbé ìròyìn burúkú wá bá a gbẹ̀yìn, kí ó sì wo ohun tí ojú súpáfáísọ̀ náà rí lẹ́yìn rẹ̀.

Gbígbọ́ ní ìlànà tirẹ̀, kì í ṣe ìwà tútù nìkan. Olùṣàkóso tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní ìwé kan tí ó pín sí òpó mẹ́rin: ohun tí wọ́n sọ, ẹni tí ó sọ ọ́, ọjọ́ tí ó ṣèlérí èsì, àti èsì tí ó fún un. Òpó kẹta ni ó ṣòro jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó rọ ọ̀gá lẹ́nu jù lọ ní ọ́fíìsì wa ni "a ó rí sí i", ọ̀rọ̀ tí kò ní ọjọ́, tí kò ní orúkọ, tí gbogbo òṣìṣẹ́ sì ti mọ̀ sí ìkọ̀sílẹ̀. Ìkọ̀sílẹ̀ tí ó hàn gbangba sàn jù ú lọ. Bí wọ́n bá béèrè owó ọkọ̀ tí kò sí, kí ó wí pé: "Owó ọkọ̀ kò ní pọ̀ sí i lọ́dún yìí, nítorí pé a ti ná owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un tán, mo ti kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó tuntun, ẹ ó sì gbọ́ èsì rẹ̀ kí oṣù kìíní tó parí." Òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́ èyí lè má dunnú, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé, ó sì mọ ọjọ́ tí ó tún lè béèrè.

Ní òkè òkun náà, wọ́n ti rí i pé gbígbọ́ ṣòro ju bí a ti ń rò lọ. Ní ilé-iṣẹ́ Hawthorne ti Western Electric, nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 1924 láti mọ bóyá iná tí ó mọ́lẹ̀ sí i yóò mú kí iṣẹ́ pọ̀ sí i, àwọn onímọ̀ sì ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ìyẹn fi hàn. Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí ni ètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ṣe níbẹ̀ láàárín 1928 sí 1930, nínú èyí tí wọ́n bá òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 20,000 sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú lọ, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kò dúró sí ibi tí ìbéèrè wà. Ohun tí ó wà lọ́kàn wọn ni wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n wá kó ìbéèrè tì, wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ó ti wù wọ́n, ìjókòó tí kì í ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tẹ́lẹ̀ sì gùn kọjá wákàtí kan. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún máníjà Èkó ni pé ìpàdé tí ọ̀gá nìkan ti ń sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, tí ó sì wá béèrè ní ìparí pé ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, kì í ṣe ìpàdé gbígbọ́ rárá.

Ìbáwí ni ibi tí a ti ń dán etí ọ̀gá wò jù. Ìbáwí ni títọ́ òṣìṣẹ́ sọ́nà nígbà tí ó bá ṣìṣe, láti orí ọ̀rọ̀ ẹnu títí dé orí kúẹ́rì, tí í ṣe ìwé tí a fi ń béèrè àlàyé lọ́wọ́ rẹ̀, àti lẹ́tà ìkìlọ̀ tí ó máa ń tẹ̀ lé e. Ní ilẹ̀ Yorùbá ìṣòro kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ìwé òkè òkun kì í mẹ́nu bà, ìyẹn ni pé ọjọ́ orí kì í bọ́ sílẹ̀ lára ènìyàn ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Máníjà tí ó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún lè ní dírẹ́bà tí ó ti lé ní àádọ́ta lábẹ́ rẹ̀, tí ọmọ dírẹ́bà náà sì jẹ́ ẹgbẹ́ máníjà. Àwọn ọ̀dọ́ máníjà kan a máa sá wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n má baà yàn láàárín "o" àti "ẹ". Àwọn mìíràn a máa lo "o" láti fi hàn pé àwọn ni ọ̀gá. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a sì fi ọjọ́ orí bàbá náà gbójú fo àṣìṣe rẹ̀ títí yóò fi di ohun tí a kò lè tún ṣe mọ́. Kò sí èyí tí ó dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀wọ̀ àti òdodo lè wà nínú gbólóhùn kan náà. Kí máníjà náà ti ilẹ̀kùn, kí ó fún àgbàlagbà náà ní àga, kí ó sì wí pé: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jókòó. Lọ́sẹ̀ yìí, ọkọ̀ pẹ́ dé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Rú àti ọjọ́ Ẹtì, àwọn oníbàárà méjì sì ti pè láti ráhùn. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀, sà?" Àwọn ọjọ́ náà hàn kedere, ẹ̀sùn náà kò fara pamọ́, "ẹ" wà nípò rẹ̀, ìbéèrè sì ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe ìdájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kúẹ́rì tí a kọ nígbà tí a ti pinnu ìyà tán kò yàtọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ tọ́ sí ìdánudúró díẹ̀, nítorí pé òun ni ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù ní agbègbè yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tirélà àti táńkà tí ń lọ sí Àpápá fi tò sórí ọ̀nà láti Costain gba Ìjọra lọ, tí ẹni tí ó jáde nílé ní agogo márùn-ún ìdájí lè má dé Ìgànmú ní agogo mẹ́jọ. Nígbà tí ó ṣe, ọ̀nà rọrùn díẹ̀ sí i, ọkọ̀ ojú irin Blue Line sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 láti Mile 2 lọ sí Marina, ó sì ní ibùdókọ̀ ní National Theatre. Olùṣàkóso tí ó ń gbọ́ yóò mọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó lè wọ ọkọ̀ náà àti èyí tí ilé rẹ̀ wà ní ọ̀nà Ìkòròdú tí kò lè rí ànfààní rẹ̀. Yóò mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe láti sún ṣíìfù ẹnìkan síwájú ní wákàtí kan, yóò sì tún mọ ẹni tí ń fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bo ìwà àìbìkítà mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan yóò yọ owó gbogbo wọn bákan náà, yóò sì máa pè é ní ìdọ́gba.

Ibòmíràn tí àṣìṣe ti ń wọlé ni ìgbéga. Àṣà tí ó gbilẹ̀ ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá jù nídìí ẹ̀rọ ni a máa ń sọ di súpáfáísọ̀, bí ẹni pé ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ ti mọ ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ a pàdánù oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó dára, a sì jèrè ọ̀gá tí ń pariwo, nítorí pé ohun tí ọkùnrin náà mọ̀ ni láti ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì ń bínú sí ẹnikẹ́ni tí kò lè ṣe é bí tirẹ̀. Kí a tó gbé e dépò, ó yẹ kí ó ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀hónú, kí ó ti kọ́ bí a ti ń pín iṣẹ́ fún ẹlòmíràn kí a sì fi í lé e lọ́wọ́ láìgbà á padà ní gbogbo ìṣẹ́jú, kí ó sì ní ẹni tí ó jù ú lọ tí yóò máa bá jíròrò fún oṣù mélòó kan. Àwọn àjọ tí ń ṣe irú ẹ̀kọ́ yìí kò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, láti orí àjọ àwọn agbanisíṣẹ́, NECA, tí ó wà láti 1957, títí dé orí Nigerian Institute of Management tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1961. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ọ̀gá àgbà tí yóò yọ̀ǹda fóòmàn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láti lọ kọ́ ọ.

Nígbà mìíràn, gbogbo gbígbọ́ àti ìbáwí lè parí sí ìyapa, ó sì yẹ kí olùṣàkóso mọ ohun tí òfin sọ níbẹ̀. Òfin tí a mọ̀ sí Labour Act sọ pé bí kò bá sí àdéhùn tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìfitónilétí ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó ti pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá sì ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Ìfitónilétí tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Òfin náà tún sọ pé owó iṣẹ́ ẹni tí ń lọ gbọ́dọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí àkókò ìfitónilétí náà tó parí, ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fojú kéré, tí wọ́n á sì máa ní kí ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó tún padà wá ní ìparí oṣù. Máníjà tí ó bá fọwọ́ sí lẹ́tà ìdánidúró ní òwúrọ̀ ni ó yẹ kí ó gbéra lọ sí ọ́fíìsì akàwó ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì rí i pé ìṣirò owó ẹni náà, àjẹmọ́nú rẹ̀ àti ìsinmi tí kò tíì lò, ti wà lórí tábìlì.